Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní gbogbo ajá ilé ló ṣeé kọ́ ní ìjà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ẹni tó máa bá yín kọ́ ajá ilé yín kó lè máa gbèjà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. 240,000 náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi, owó yẹn gan-an kọ́ ló sì dùn mí jù.

Lóṣù December tó kọjá, àwọn olè wọ àdúgbò wa n'Íbàdàn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n tú bátìrì inverter lọ nílé méjì, wọ́n gé wáyà iná nílé kẹta. Nípàdé àwọn lándílọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ gèètì àti ọdẹ ni gbogbo èèyàn ń sọ. Èmi ní tèmi, mo ní ajá. Bingo lorúkọ ẹ̀ (ẹ má rẹ́rìn-ín, Bingo mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa). Alsatian ni ìyá ẹ̀, ajá ilẹ̀ wa lásán ni bàbá ẹ̀. Ọmọ oṣù 11 ni nígbà yẹn. Orí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ mi ló máa ń sùn sí, àmọ́ bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan gèètì lóru, á gbó títí gbogbo ilé á fi jí. Mo wá ń rò ó pé kí wọ́n kúkú kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé olè jẹ.

Orí Facebook ni mo ti rí ọkùnrin náà. Kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nílé wa. Kò mú Bingo jáde sí títì kó wo ìrìn ẹ̀, kò béèrè iye ọmọ tó wà nílé, kò béèrè bóyá ó ti gé ẹnì kan jẹ rí. Ó wo bí ajá náà ṣe tóbi sí, ó wo gèètì wa, ó ní 180,000, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. "Ajá tó bá ṣáà ti ní eyín lẹ́nu, màá sọ ọ́ di kìnnìún." Ó tún ní ká má wá kí i o, pé tó bá fojú kàn wá, gbogbo ohun tó kọ́ ló máa gbàgbé. Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti fura. Mi ò fura.

Lọ́sẹ̀ kẹrin, ó fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ó sì béèrè 60,000 sí i fún "apá kejì". Nínú fídíò yẹn, wọ́n fi ṣéènì kúkúrú so Bingo mọ́ ògiri kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé dé ìdajì. Ọ̀gbẹ́ni kan fi aṣọ tó nípọn di apá, ó ń ju pàṣán bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀. Bingo gbó, ó fò, ó gé apá aṣọ náà jẹ, ó tún sá padà sẹ́yìn. A pariwo ayọ̀! Ọwọ́ ara mi ni mo fi gbé fídíò yẹn sí gúrúùpù àdúgbò.

Ajá tí wọ́n dá padà fún wa ti rù. Ṣéènì ti dá egbò sí i lọ́rùn. Bí ìyàwó mi bá gbé ọwọ̀ láti gbálẹ̀ báyìí, Bingo ti tọ̀ sára. Wọ́n ní ata àti ẹ̀tù ìbọn ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹ̀ kó lè burú. (Ẹ gbọ́, kò sí ajá kankan tí ẹ̀tù ìbọn ń sọ di akin. Ikùn ajá ló ń bàjẹ́.)

Ọ̀sẹ̀ kejì tó dé, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wá kí wa. Òjò ti ń ṣú. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó ṣí agbòòrùn ẹ̀ ní kọ́rídọ̀, ó dún pàù. Bingo bá rá sábẹ́ àga, ó ń gbọ̀n. Àánú ẹ̀ ṣe obìnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀, ó na ọwọ́ sí i, ó ń pè é, "Bingo, pẹ̀lẹ́." Ọrùn ọwọ́ ló gé e jẹ sí. Kò gbó, kò kùn. A fi ọṣẹ àti omi ẹ̀rọ fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, a sì gbé e lọ sílé ìwòsàn ní kíá nítorí àrùn dìgbòlugi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Bingo ti gba abẹ́rẹ́ tiẹ̀. Dọ́kítà ẹranko ní ká so ó mọ́lẹ̀ ká máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Dọ́kítà yẹn ló júwe bàbá kan tó ti bá ajá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Mo fi fídíò ọjọ́ yẹn han bàbá. Kò tíì wò ó dé ìdajì tó fi dá a dúró, ó tọ́ka sí ìrù: abẹ́ ikùn ló wà. Ó tọ́ka sí etí: ó lẹ̀ mọ́ orí. Ó ní, "Wo ìwọ̀n ara ẹ̀, ẹ̀yìn ló wà. Wọ́n so ó mọ́lẹ̀ tí ò ríbi sá lọ, ló fi gé e jẹ. Àti pé ìgbà tó gé e jẹ ni ọ̀gbẹ́ni yẹn sún sẹ́yìn, ohun tó kọ́ nìyẹn: bí ẹ̀rù bá bà mí, kí n gé èèyàn jẹ, á kúrò lọ́dọ̀ mi." Ó ní ajá ò mọ olè yàtọ̀ sí ẹ̀gbọ́n ìyàwó nínú irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀.

Bàbá wá sílé wa. Ohun tó ṣe ò gba owó púpọ̀, ẹ̀yin náà lè ṣe é kẹ́ ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ó da òkúta wẹ́wẹ́ sínú agolo mílíìkì, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ajá. Ó ní kò burú kí ajá ta gìrì, ohun tí òun ń wò ni bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó padà wá gbóòórùn agolo. Ajá tọ́kàn ẹ̀ balẹ̀ á padà wá láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan. Bingo ò padà wá rárá. Ó fún un ní àkísà kí wọ́n jọ fà á. Ajá tó bá máa ṣe iṣẹ́ yìí, eré ló máa ń kọ́kọ́ jẹ́ lójú ẹ̀: á di àkísà mú ṣinṣin, ìrù á máa mì, bẹ́ ẹ bá sì ní kó fi í sílẹ̀, á fi í sílẹ̀. Ó mú un gba ọjà kọjá, ó mú un rìn lórí táìsì tó ń yọ̀. Ajá tó ń gbó mọ́ gbogbo ohun tó bá kọjá, bàbá ò kà á sí akin. Ó rántí òwe kan fún mi: ohun tí ajá rí tó fi ń gbó, kò tó èyí tí àgùntàn fi ń ṣèran wò.

Èyí tó ya mí lẹ́nu jù ni ti ọjọ́ orí. Lábẹ́ òfin IGP tí wọ́n ń lò ní Jámánì, ìyẹn ìdánwò fún ajá tó ń tọpasẹ̀, tó ń gbọ́ràn, tó sì ń gbèjà, ajá gbọ́dọ̀ pé oṣù 18 kó tó lè ṣe ìpele kìíní (IGP 1), tí wọ́n ti ń gé apá aṣọ jẹ. Kó tó débẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti yege nínú ìdánwò ìgbọràn tí wọ́n ń pè ní BH, tí wọ́n ti ń wò ó láàárín èrò, lẹ́bàá kẹ̀kẹ́, àti nígbà tí olówó ẹ̀ so ó mọ́lẹ̀ tó sì kúrò níwájú ẹ̀. Ọmọ oṣù 11 ni Bingo, egungun ẹ̀ ò tíì gbó, wọ́n sì ń mú un fò mọ́ ṣéènì. Fún irú ajá ńlá bẹ́ẹ̀, bàbá ní ká kọ́kọ́ ya fọ́tò egungun ìbàdí ẹ̀ ná, torí oríkèé ibẹ̀ máa ń ṣe wọ́n.

Mo bi bàbá pé tí wọ́n bá kọ́ Bingo dáadáa ńkọ́. Ó wo àwọn ọmọ mi àti àwọn ọmọ ará ilé kejì tí wọ́n ń sá wọlé sá jáde, ó ní, "Ajá yín ti ń ṣọ́lé tẹ́lẹ̀. Ó ń gbó, ẹ̀ ń jí. Kí lẹ tún ń wá?"

Nítorí náà, ẹni tí ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ wá wo ajá yín nígbà tó ń kọ́ ọ, ẹ má fún un. Ẹni tí ò bá rí ajá kankan kọ̀ rí, tó jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ń gbà, ẹ má fún un. Ẹ má sì jẹ́ kí sàtífíkéètì tàn yín jẹ: èyí tó ní òǹtẹ̀ pupa tí ọkùnrin náà fún wa wà lọ́wọ́ èmi náà.

Mi ò ní dárúkọ ọkùnrin náà níbí. Àmọ́ lálẹ́ àná, mo tún rí fídíò tuntun lójú ìwé ẹ̀. Ògiri aláwọ̀ ewé yẹn náà ni. Ajá pupa kan tí orí ẹ̀ ní funfun díẹ̀ ni wọ́n so mọ́ ọn lọ́tẹ̀ yìí, bẹ́líìtì búlúù ló wà lọ́rùn ẹ̀, ìrù ẹ̀ wà lábẹ́ ikùn. Bó bá jẹ́ ajá yín ni, ẹ lọ mú un lónìí.