Chenonceau: ààfin orí omi tí ọwọ́ obìnrin hàn lára rẹ̀

Bó bá jẹ́ ààfin kan ṣoṣo lẹ máa wò ní agbègbè odò Loire nílẹ̀ Faransé, Chenonceau ni kẹ́ ẹ lọ. Mo ti lọ, owó ìwọlé tí mo san ò dùn mí rárá.

Ohun tó wù mí jù ni pé gbogbo ẹni tó ti ni ilé yìí ló fi àmì sílẹ̀ lára òkúta rẹ̀. Ilé gogoro kan dá dúró níwájú. Òun ló ṣẹ́kù lára ilé olódi ìdílé Marques tí Thomas Bohier, ọ̀kan lára àwọn tó ń bójú tó owó ọba, wó kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1513. Ogun Ítálì kì í jẹ́ kí Bohier gbélé, nítorí náà Katherine Briçonnet ìyàwó rẹ̀ ló dúró ti iṣẹ́. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lọ tààrà, nígbà tí tàwọn ilé ńlá ayé ìgbà náà sábà máa ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín.

Gbèsè tí Bohier jẹ ìjọba ló gbé ààfin bọ́ sọ́wọ́ ọba François Kìíní ní 1535. Ní 1547, ọba Henri Kejì fi ta Diane de Poitiers, àlè rẹ̀, lọ́rẹ. Diane ló ní kí Philibert de l'Orme, ayàwòrán ilé, ṣe afárá sórí odò Cher tó ń ṣàn lábẹ́ ààfin. Àfi bí ọba ṣe kú ní 1559! Olorì Catherine de Médicis lé Diane, ó fi ààfin Chaumont ṣe pààrọ̀ fún un, ó sì kọ́ gbọ̀ngàn gígùn lé orí afárá Diane gan-an. Gbọ̀ngàn ọ̀hún gùn tó mítà 60, ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun. Nínú yàrá Diane, àwòrán Catherine ló wà lókè ibi ìdáná. Mo wò ó títí.

Ẹ má fo ilé ìdáná o. Inú òpó tó ti inú odò yọ ni wọ́n kọ́ ọ sí, ọkọ̀ ojú omi ló sì ń já oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Àwọn Menier, ọlọ́jà ṣokoléètì, ló rà á ní 1913; àwọn ló ṣì ni ín. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, wọ́n sọ gbọ̀ngàn náà di ilé ìwòsàn fáwọn ọmọ ogun. Nígbà tó di Ìkejì, odò Cher di ààlà: ìhà àríwá wà lọ́wọ́ àwọn Jámánì, ìlẹ̀kùn tó wà ní gúúsù gbọ̀ngàn náà sì ṣí sí ibi tọ́wọ́ wọn ò tíì tó. Ibẹ̀ làwọn èèyàn gbà sá là. Èmi náà gba ẹnu ìlẹ̀kùn yẹn jáde, ara mi bù máṣọ.

Ilé iṣẹ́ tó fi bọ́ọ̀sì kó wa lọ ò fún wa láyè tó, ìyẹn bí mi nínú. Ẹ wọ rélùwéè láti ìlú Tours fúnra yín, láàárọ̀. Ibùdókọ̀ Chenonceaux ò jìnnà sẹ́nu géètì.