Ẹ sá fún "ìrókò Bọ́mà": arère tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ni

Ẹ̀yin ará Adó-Èkìtì tí ẹ fẹ́ ra pákó ilẹ̀kùn, ẹ dúró ná. Ẹni tó bá ní ìrókò òkè òkun lòun ń tà, olè ni! ₦252,000 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi: pákó 18, fífẹ̀ íǹṣì 12, ọ̀kọ̀ọ̀kan ₦14,000. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé Bọ́mà ni wọ́n ti kó o wá, Bọ́mà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, níbi tí àwọn bàbá wa lọ jagun. Ó ní ẹ̀rọ ni wọ́n fi mú omi inú rẹ̀ gbẹ lọ́hùn-ún, ìyẹn ló ṣe fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lóòótọ́! Ọwọ́ kan ni mo fi gbé e, inú mi tún ń dùn pé mi ò ní san owó aláàárù.

Káfíńtà fi rándà fá a lẹ́ẹ̀kan péré, ó funfun bí ẹ̀kọ. Arère. Arère tí wọ́n fi dáì àti ọ́ìlì dúdú pa lójú dé! Wọ́n ta arère fún ọmọ Èkìtì ní owó Olúwéré.

Kò sí ìgbẹ́ kan ní Bọ́mà tí ìrókò ti ń lalẹ̀ hù. Áfíríkà nìkan ni ilé rẹ̀. Oríṣi méjì ló wà: Milicia excelsa, tiwa, tó wà láti ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí títí dé Tanzania àti Mozambique, àti Milicia regia, tí kò kọjá Senegal sí Gánà. Odum ni wọ́n ń pè é ní Gánà, mvule ní Tanzania. Chlorophora excelsa ni ìwé àtijọ́ pe tiwa. Igi kan náà ni. Mọ̀lẹ́bí ọ̀pọ̀tọ́ ni, ẹ ṣáá ti rí oje funfun tí èèpo rẹ̀ ń sun. Tíìkì ló ti Bọ́mà wá, Tectona grandis, kò bá ìrókò tan rárá. Àwọn tó ń pe ìrókò ní "tíìkì Áfíríkà" ló fún gbájúẹ̀ lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Ojú pákó ni mo wò, mi ò wo orí rẹ̀. Ẹ̀bi mi nìyẹn, òun nìkan sì ni.

Ẹ ní kí wọ́n gé orí pákó lójú yín. Inú ìrókò máa ń pọ́n bí ìyeyè, kó tó ṣú bó bá pẹ́ níta. Ẹ fi èékánná tẹ ẹ́, arère á jìn. Ẹ gbé e wò: arère kò fi púpọ̀ ju ìdajì ìwọ̀n ìrókò lọ. Gbogbo onípákó ni mo ń fura sí báyìí. Olóòótọ́ inú wọn kó má bínú.

Onítọ̀hún ti pa fóònù. Pákó mi wà ní fàráńdà, ikán ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.