Linux Mint lórí fláàṣì: ohun tó jẹ́ kí n mọ àìsàn tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ilé wa gan-an

Bí kọ̀ǹpútà bá ti ń háńgì lágbègbè wa báyìí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ máa gbọ́ ni pé ká fọ́máàtì ẹ̀. Ó ń lọ́ra: fọ́máàtì. Ojú ẹ̀ di búlúù lójijì níbi tí ìyá wa ti ń tẹ ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù: fọ́máàtì náà ni. Wọ́n fọ́máàtì tiwa ní ṣọ́ọ̀bù kan, a sanwó, a gbé e padà wá sí Ìsánlú, kò sì pẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀. A tún gbé e lọ, wọ́n tún un fọ́máàtì. Owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Àwọn fáìlì tó bá a lọ ló dùn mí, torí kò sẹ́ni tó bi wá bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a fẹ́ kó kúrò kí wọ́n tó nù ún mọ́.

Ohun tó yọ wá nínú ìyẹn ni Linux Mint, òun ni mo sì fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Operating system ni, bíi Windows. Ọ̀fẹ́ ni, ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀, orí Ubuntu, operating system ọ̀fẹ́ míì, ni wọ́n sì gbé e kà. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń fi í rọ́pò Windows pátápátá, ṣùgbọ́n nǹkan míì ni mo kọ́kọ́ fi í ṣe. Orí fláàṣì ni mo gbé e sí, láti orí fláàṣì yẹn ni mo sì ti ń tan kọ̀ǹpútà. Kò fi nǹkan kan sínú háàdì dísìkì, kò sì fọwọ́ kan Windows. Tẹ́ ẹ bá pa kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ yọ fláàṣì, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ ló ṣe máa wà.

Iṣẹ́ tí ìyẹn ń ṣe fún ẹni tó ń wá àìsàn kọ̀ǹpútà pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí mẹkáníìkì bá yá bátìrì mọ́tò míì láti fi mọ̀ bóyá bátìrì ni ẹjọ́ wà lọ́rùn ẹ̀. Bí kọ̀ǹpútà bá ń háńgì nínú Windows, àmọ́ tó ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́ nínú Mint láìkọsẹ̀, a jẹ́ pé ó ṣeé ṣe gan-an kí RAM (ìrántí ìgbà díẹ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́), processor (ọpọlọ ẹ̀) àti motherboard (pátákó tí gbogbo wọn so mọ́) wà ní àlàáfíà. Windows fúnra ẹ̀ la máa fura sí, tàbí háàdì dísìkì tí Windows ń gbé inú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Mint náà bá ń háńgì, ẹ má wulẹ̀ fọ́máàtì nǹkan kan. Ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ ara irin ni ìṣòro wà.

Gbígbà á sórí ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ fẹ́ sú mi. Fáìlì ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 3GB, ẹni tó bá sì mọ bí nẹ́tíwọ̀kì ṣe ń rí ní Ìsánlú mọ̀ pé ọ̀gànjọ́ òru ni irú ẹ̀ máa ń wọlé. Tó bá wọlé tán, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó pé, torí nẹ́tíwọ̀kì tó ń já lè jẹ́ kí fáìlì bàjẹ́ láìsí pé ẹ mọ̀. Ìkànnì Mint máa ń gbé nọ́ńbà gígùn kan síta tí wọ́n ń pè ní SHA256. Lórí Windows, ẹ ṣí Command Prompt (ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ), ẹ tẹ certutil -hashfile, orúkọ fáìlì yẹn, àti SHA256, yóò gbé nọ́ńbà tirẹ̀ jáde. Bí méjèèjì bá bára mu, ó pé. Ẹ wá lo Rufus, ètò kékeré kan tó jẹ́ ọ̀fẹ́, láti gbé e sórí fláàṣì tó tó 4GB ó kéré tán. Rufus á pa gbogbo ohun tó wà lórí fláàṣì náà rẹ́, torí náà ẹ má lo èyí tí orin ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ti kì í bọ kọ̀ǹpútà, bí ẹ bá ṣe ń tàn án ni kẹ́ ẹ máa tẹ bọ́tìnnì tó ń mú ibi tí wọ́n ti ń yan fláàṣì jáde. Lórí HP, F9 ni. Lórí Dell àti Lenovo, F12 ni lára ọ̀pọ̀ wọn. Àkọlé Start Linux Mint á yọ. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá dúdú lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún un tàn kẹ́ ẹ yan èyí tí wọ́n kọ compatibility mode sí. Lójú ẹ̀ níbi tó bá ṣí sí, ẹ máa rí àmì kan tí wọ́n kọ Install Linux Mint sí. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ o. Ìyẹn ló lè gba ilé lọ́wọ́ Windows.

Lórí kọ̀ǹpútà tiwa, Mint ṣí. Mo ní kí àbúrò mi máa lò ó bó ṣe ń lo ti tẹ́lẹ̀: íntánẹ́ẹ̀tì, fídíò, títẹ ìwé. Kò háńgì rárá. Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá wa kí wọ́n wá wò ó. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti ní motherboard ẹ̀ ló fẹ́ kú nìyẹn.

Ibi tí Mint ti sanwó ara ẹ̀ fún mi ni ètò kan tó bá a wá, tí wọ́n ń pè ní Disks. Ẹ ṣí i, ẹ mú háàdì dísìkì yín lápá òsì, ẹ tẹ àmì tó ní dọ́ọ̀tì mẹ́ta lókè, ẹ wá yan SMART Data & Self-Tests. Háàdì dísìkì fúnra ẹ̀ máa ń kọ ìtàn ara ẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ lẹ ti máa kà á. Ìlà púpọ̀ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni mo máa ń wò. Ìlà 5, Reallocated Sector Count, ń sọ iye ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi ìpamọ́ rọ́pò. Ìlà 197, Current Pending Sector Count, ń sọ iye ojú ibi tí dísìkì fẹ́ kà tí kò rí kà, tó ṣì ń dúró dè. Tiwa yìí, méjèèjì kì í ṣe òdo. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn lọ́jọ́ kejì, mo tún wò ó: ìlà 197 ti lọ sókè. Dísìkì ń kú lọ ni. Gbogbo fọ́máàtì tí wọ́n ń ṣe, orí ilẹ̀ tó ń ya ni wọ́n ń gbé Windows tuntun lé, ìdí nìyẹn tó fi ń dára fún ìgbà díẹ̀ kó tó tún padà sídìí ẹ̀.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí èyí dáadáa. Bí ìlà 197 bá ti ní nọ́ńbà, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì yín kúrò ná. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe chkdsk /r, àṣẹ tí Windows fi ń yẹ dísìkì wò, lé e lórí. Iṣẹ́ rere ni chkdsk ń ṣe lórí dísìkì tí ara ẹ̀ le, àmọ́ ńṣe ló máa ń ka gbogbo ojú dísìkì látòkè délẹ̀, dísìkì tó ń kú lọ lè má jí mọ́ kó tó parí. Nínú Mint, ẹ so háàdì dísìkì míì mọ́ ọn, ẹ ṣí fódà Users tó wà nínú dísìkì Windows, ẹ kó àwòrán àti ìwé tó ṣe pàtàkì jù lọ́kọ́kọ́, ẹ fi fíìmù sẹ́yìn. Bí Windows kò bá kú tán dáadáa, torí Fast Startup tó máa ń jẹ́ kó sùn dípò kó kú, ó lè jẹ́ kíkà nìkan ni Mint máa gbà fún yín. Kíkà náà la ṣáà fẹ́.

Kí ẹ tó ra dísìkì tuntun, ẹ wo ìlà 199, UDMA CRC Error Rate. Bí ìyẹn bá ń pọ̀ sí i ṣùgbọ́n tí 5 àti 197 jẹ́ òdo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ wáyà SATA tó lọ láti dísìkì sí motherboard ló ń ṣe wàhálà, wáyà yẹn ò sì wọ́nwó. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. SSD, irú dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, la rà, ọmọkùnrin kan ní Kàbà ló bá wa so ó, a gbé Windows sí i. Láti ìgbà yẹn, ìyá wa ò tíì pariwo orúkọ mi láti yàrá nítorí kọ̀ǹpútà.

Ti Àǹtí mi ní Mọ̀pà yàtọ̀. Tòkunbọ̀ tó ti dàgbà ni kọ̀ǹpútà wọn. Mo débẹ̀, mo kí wọn ní "Òkun", ìkíni agbègbè wa, wọ́n dáhùn, ẹjọ́ kọ̀ǹpútà ló tẹ̀ lé e.

"Wọ́n ní Windows ẹ̀ ló bàjẹ́. Wọ́n á wá fọ́máàtì ẹ̀ lọ́la."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án."

"Fọ́tò ìsìnkú bàbá yín wà nínú ẹ̀ o."

"Mo mọ̀, Àǹtí. Torí ẹ̀ ni mo fi ń bẹ̀ yín."

Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́. Mint ṣí, ó ṣiṣẹ́ díẹ̀, ó háńgì. Mo tún un tàn, ó háńgì níbòmíì. Windows ti bọ́ nínú ẹ̀sùn nìyẹn. Mo lo Memtest86+, ètò ọ̀fẹ́ míì tó ń lọ lórí fláàṣì, tí iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó máa kọ nǹkan sínú RAM kó sì máa kà á padà láti mọ̀ bóyá ohun tó kọ ló bá. Ìlà pupa bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. RAM méjì ló wà nínú ẹ̀. A pa á, a yọ wáyà iná, a yọ RAM kan, a tún un ṣe: pupa ò yọ mọ́. A fi èkejì sí ojú ibi kan náà, pupa padà. A ti mọ èyí tó bàjẹ́. Kí ẹ tó ju RAM nù ṣá, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ìrésà nu ẹsẹ̀ ẹ̀ tó ní àwọ̀ góòlù, ẹ tún un tẹ̀ bọ̀ dáadáa, torí eruku ọyẹ́ lásán lè fa irú èyí. Ti Àǹtí kọjá ìrésà. Wọ́n rí fọ́tò wọn, gbogbo ẹ̀ pé.

Àìsàn kan tún wà tí kò tiẹ̀ gba Mint rárá. Bí déètì kọ̀ǹpútà yín bá ń padà sí ọdún àtijọ́ nígbàkigbà tí iná bá lọ, tí ìkànnì sì ń sọ pé ìsopọ̀ yín ò láàbò, bátìrì róbótó tó wà lórí motherboard ló ti kú. CR2032 ni orúkọ ẹ̀, ẹ lè bá a lọ́wọ́ àwọn tó ń tún aago ṣe.

Mo ní láti sọ ibi tí Mint kù sí. Kò lè sọ fún yín pé ó ń rẹ power supply, àpótí tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà tó ń kú tó ń jí nígbà tí iná bá ń lọ sókè sódò, stabilizer àti power supply míì tẹ́ ẹ mọ̀ pé ó dára lẹ fi máa dán an wò. Àwọn Wi-Fi kan, pàápàá ti Broadcom, kì í ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo ń fi wáyà USB so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, mo tan tethering, íntánẹ́ẹ̀tì dé. Bí BitLocker, àgádágodo tí Windows fi ń ti dísìkì, bá ti dísìkì pa, Mint ò ní ṣí i láìsí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀, inú àkáǹtì Microsoft yín lẹ sì ti máa wá a ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bó bá jẹ́ fláàṣì USB 2.0 lẹ lò, ẹ máa ní sùúrù. Mint ò sì ní tún Windows ṣe fún yín. Bí dísìkì bá mọ́, tí RAM mọ́, tí Mint ń lọ geere, inú Windows lẹ máa padà sí: ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ ṣe DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, kẹ́ ẹ wá ṣe sfc /scannow, àwọn àṣẹ tó ń tún fáìlì Windows tó bàjẹ́ ṣe. Méjèèjì ló tún láptọ́ọ̀pù àbúrò mi ṣe láìfọ́máàtì, lẹ́yìn tí mo ti yọ ọ̀kan nínú antivirus méjì tó ń bára wọn jà níbẹ̀.

Ní ti èyí tí ẹ máa gbà, oríṣi mẹ́ta ló wà: Cinnamon, MATE àti Xfce. Fún iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí, mo fẹ́ràn Xfce torí ó fúyẹ́ jù. Mint fúnra wọn ní 2GB RAM tó láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní 4GB ló máa gbádùn ẹ̀. Lórí ti Àǹtí, nígbà tí RAM tuntun ti wọlé, a jọ pinnu pé ká gbé Mint sínú ẹ̀ pátápátá. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0, ohun ààbò kan tó ń wà nínú kọ̀ǹpútà, èyí tí kò sí lára tiwọn. Inú LibreOffice, ètò ìtẹ̀wé tó bá Mint wá, ni wọ́n ti ń tẹ ìbéèrè ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì wọn báyìí, printer wọn gbà á láìjanpata. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń bá mi jà lé lórí ni fọ́ǹtì, torí Times New Roman kì í bá Mint wá. Mo ti ní kí wọ́n lo Liberation Serif, tí fífẹ̀ lẹ́tà ẹ̀ bá a dọ́gba, kí ìlà ìwé wọn má bàa yẹ̀ tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wọn.