Oògùn eku, gọ́ọ̀mù, pàkúté tàbí nẹ́ẹ̀tì onírin: èwo ni kí ẹ rà bí ọkọ̀ yín bá ń sùn nílé?

Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti nǹkan bí ₦185 sí ₦488 ní Èkó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ti di ohun ọ̀ṣọ́ ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú. Tèmi wà lára wọn. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wọ̀ láti Ìpakodò lọ sí CMS, Corolla mi a sì wà nínú ilé ọkọ̀ ní Ìgbógbó, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí n tó tún fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo rò pé owó epo ni mò ń ṣọ́. Àṣé ilé ni mò ń pèsè fún eku.

Pé eku ń jẹ wáyà, ìyẹn kì í ṣe ìròyìn. Eyín iwájú rẹ̀ kì í dẹ́kun àtihù, ó sì gbọ́dọ̀ máa rí nǹkan rún kó má bàa gùn jù. Wáyà, rọ́bà àti fọ́ọ̀mù abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ló sì wà nítòsí. Ohun tí ẹ̀yin ń wá ni ibi tí ẹ máa náwó sí. Mo ti ra mẹ́ta nínú ohun tí wọ́n ń tà, mo ti yá ẹ̀kẹrin lò, ẹ̀karùn-ún ló wà lẹ́nu iṣẹ́ nílé mi báyìí.

Owó

Oògùn ló pọ̀ọ́kú jù, gọ́ọ̀mù tẹ̀lé e, pàkúté tẹ̀lé gọ́ọ̀mù. Nẹ́ẹ̀tì, tí a fi ń dí ihò ilé ọkọ̀ kí eku má bàa wọlé, ló wọ́n jù nítorí owó jórinjórin wà nínú rẹ̀. Àmọ́ oògùn àti gọ́ọ̀mù, ríra ni ẹ ó máa rà á. Pàkúté kan wà lọ́wọ́ mi tó ti lé lọ́dún méjì.

Níbo ni eku náà máa kú sí?

Kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yìí kí n tó ra oògùn, èmi nìkan ló bi ara mi, mo sì gba ìdáhùn tí kò dáa.

Oníbárò kan ló tà á fún mi. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tí ẹ̀rọ orí bárò wọn máa ń pariwo láti àárọ̀: oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun. Mo ní, “Tó bá wá kú sínú ọkọ̀ mi ńkọ́?” Ó rẹ́rìn-ín. “Màmá, tèmi kì í rùn. Gbígbẹ ló ń gbẹ eku. Bó bá ti jẹ ẹ́, òǹgbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ ẹ́, á jáde lọ wá omi, ìta ló máa kú sí.” Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo ra ọ̀rá mẹ́ta. Mo da ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, mo da ọ̀kan sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, mo da èyí tó kù sínú búùtù.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì máa mọ́, oògùn ti tán pátápátá. Mo jó.

Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìgbéyàwó wà ní Ìmọ̀ta. Mo wọ aṣọ ẹbí, mo wé gèlè, mo ṣí ọkọ̀, mo tan éèsì. Òórùn tó gba ihò éèsì jáde lọ́jọ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí. Ìyá ọkọ mi tó jókòó sẹ́yìn fi ìdí ìborùn bo imú, ó ní, “Ìyàwó mi, ṣé o ò gbàgbé ẹran ọjà sínú ọkọ̀ yìí?” A sọ gbogbo fèrèsé kalẹ̀ dé Ìmọ̀ta. Gèlè mi ò dé ibẹ̀ bó ṣe kúrò nílé.

Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi wá a. A gbé kápẹ́ẹ̀tì, a tú àga, a fọ búùtù. Níkẹyìn, rìwáyà ní àfi kí òun sọ dáṣíbọ́ọ̀dù kalẹ̀. Nígbà tó yá, ó pè mí: “Àǹtí, ẹ wá wò ó.” Eku méjì, inú ilé búlówà, fáànù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ éèsì, wọ́n ti jẹrà mọ́ bébà àti fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi tẹ́ ibùsùn. Wọ́n sì ti rún wáyà búlówà náà kí wọ́n tó kú. Owó rìwáyà, owó oníéèsì, owó búlówà tòkúnbọ̀: ẹ fi mí sílẹ̀. Dáṣíbọ́ọ̀dù yẹn ò sì tíì padà bọ̀ sípò títí dòní. Bí mo bá ti kan kòtò báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn.

Lẹ́yìn náà ni mo tó fara balẹ̀ ka ẹ̀yìn ọ̀rá oògùn. Bromadiolone ni wọ́n kọ síbẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré ju iná orí lọ. Òun àti brodifacoum, mọ̀lẹ́bí ni wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni pé wọn kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, eku á máa ṣẹ̀jẹ̀ nínú títí ẹ̀mí á fi bọ́. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́, ó máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Láàárín ìgbà yẹn, eku tí ara rẹ̀ ò yá á ṣe ohun tí èmi àti ẹ̀yin máa ń ṣe bí ara ò bá yá: á lọ dùbúlẹ̀ nílé rẹ̀. Inú ọkọ̀ mi sì nilé rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń gbẹ eku kó má rùn. Ọ̀rọ̀ pé á jáde lọ wá omi, ọ̀rọ̀ títà ni.

Irú oògùn kejì wà, ìyẹ̀fun dúdú tí òórùn rẹ̀ jọ ti ááyù, zinc phosphide. Ìyẹn yá ju èyí lọ, torí gáàsì olóró ló ń dà nínú ikùn. Àmọ́ fítámì K tí wọ́n ń lò nílé ìwòsàn ni ẹ̀rọ̀ ti àkọ́kọ́. Ti ìyẹ̀fun dúdú yìí kò ní ẹ̀rọ̀ kankan. Èmi ò lè gbé e wọ ọgbà tí ọmọdé wà.

Àwọn àgbà ní ẹbìtì tí kò bá pa eku, kó fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn. Mo wá oníbárò náà títí láti gbowó mi, mi ò rí i. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọn, tirẹ̀ peku. Ibi tó pa á sí ni ìjà wa.

Ẹ wá fi ìbéèrè kan náà wọn àwọn tó kù. Pàkúté: ibi tí ẹ dẹ ẹ́ sí ni òkú máa wà, ẹ ó kó o dànù láàárọ̀. Gọ́ọ̀mù: ibi tí ẹ tẹ́ ẹ sí, bí eku ò bá tóbi. Eku ńlá kan fa páálí gọ́ọ̀mù mi lọ sábẹ́ ọkọ̀ lóru, ẹsẹ̀ méjì péré ló lẹ̀. Igi ìgbálẹ̀ ni mo fi wọ́ ọ jáde. Ológbò: ẹnu ọ̀nà yín ló máa gbé e wá fún yín. Nẹ́ẹ̀tì: òkú kankan ò sí nínú ọ̀rọ̀ tiẹ̀.

Ọmọ àti ẹran ọ̀sìn

Oògùn alárànbarà yẹn jọ mindinmíndìn lójú ọmọ ọdún méjì. Ológbò tó bá sì jẹ eku tó ti jẹ oògùn lè bá a lọ. Ní ti àwọn tó ń po dichlorvos, oògùn kòkòrò, mọ́ ẹja gbígbẹ fún eku, mi ò kà á mọ́ ohun tí mò ń fi wéra rárá. NAFDAC ò ṣàdédé lé ìgò 100ml rẹ̀ kúrò lọ́jà gbangba ní 2019.

Gọ́ọ̀mù

Ó dáa nínú kíṣíìnì. Nínú ilé ọkọ̀, eruku lọ̀tá rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin péré, ojú rẹ̀ ti di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Tèmi mú alángbá mẹ́ta, ó mú òròmọdìyẹ ìyá onílé kan. Òróró ni mo fi tú adìyẹ náà sílẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ni mo fi tú ara mi. Ẹ sì rántí pé kì í pa eku, mímú ló ń mú un. Ẹ ó bá a láàyè, á máa wò yín. Ta ló máa pa á? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin dè é láti oṣù keje 2024 fún ẹnikẹ́ni tí kò bá gbàwé àṣẹ, mo sì mọ ìdí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú ọ̀kan.

Ẹ̀rọ tí ń dún

Àbúrò mi ló yá mi. Wọ́n ní etí èèyàn ò lè gbọ́ ọ, eku nìkan ló ń gbọ́ ọ tó fi ń sá. Àkọ́kọ́, iná ló ń jẹ, ẹ sì mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Èkejì, irú ohùn bẹ́ẹ̀ kì í la ògiri tàbí ẹrù kọjá, débi tí á fi la bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀kẹta, bó bá pẹ́, á mọ́ eku lára. Láti 2001 ni FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé ìkìlọ̀ sí iléeṣẹ́ tó lé ní ọgọ́ta pé kí wọ́n yéé sọ nípa rẹ̀ ohun tí wọn ò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Èmi ò nílò ìwé wọn. Ní ọjọ́ kẹwàá, orí ẹ̀rọ náà gan-an ni mo ti bá ìgbẹ́ eku.

Káńfọ̀ ńkọ́? Èèyàn ló ń lé jáde nínú ọkọ̀. Ó sì léwu fún ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò ní èròjà G6PD tó, irú wọn ò sì ṣọ̀wọ́n nílẹ̀ wa.

Pàkúté

Ẹ má rà á láìdán an wò. Ẹ ní kí ẹni tó ń tà á dẹ ẹ́ níwájú yín, kí ẹ wá fi bíró tẹ ibi ìjẹ rẹ̀. Bí kò bá fò kíá, tàbí tí bíró ò gbọgbẹ́, ẹ dá a padà. Ẹ ra mẹ́rin, ẹ má ra ẹyọ kan.

Àgbà eku máa ń bẹ̀rù ohun tuntun. Òun ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ pé pàkúté ò ṣiṣẹ́: wọ́n dẹ ẹ́ lálẹ́ Mọ́ńdè, wọ́n jù ú nù ní Túsìdeè. Ẹ gbé e kalẹ̀ láìdẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, kí eku máa jẹ ẹ̀pà tàbí ẹyìn orí rẹ̀ ní fàájì. Lẹ́yìn náà kí ẹ dẹ ẹ́. Ìdí ògiri ni kí ó wà, kí ibi ìjẹ kọjú sí ògiri, torí eku kì í la àárín ilẹ̀ kọjá bí ògiri bá wà. Ẹ fi ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ló ń gbà gòkè. Ẹja gbígbẹ náà dáa, àmọ́ ẹ fi òwú so ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á yọ ọ́ lọ bí olè.

Àléébù rẹ̀: ìka yín. Bí ẹ bá sì rìnrìn àjò, kò sẹ́ni tó máa kó òkú.

Nẹ́ẹ̀tì onírin

Èyí tí mò ń lò nìyí, nítorí náà ẹ gbọ́ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́nu mi kí ẹ tó gbọ́ ìyìn. Bí ìta gbangba ni ọkọ̀ yín ń sùn, kò kàn yín. Bí ẹ bá jẹ́ ayálégbé, ẹ ó gbàṣẹ lọ́wọ́ onílé. Afẹ́fẹ́ ọ̀sà máa ń sọ irin di ìpẹtà, nítorí náà èyí tí wọ́n fi síǹkì bò ni kí ẹ bèèrè. Bí ẹ bá sì dí ihò nígbà tí eku ṣì wà nínú ilé, ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà yín nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi pàkúté kó wọn ní ọ̀sẹ̀ kan.

Ojú nẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ kéré sí mìlímítà 6 tàbí kó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú rẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì adìyẹ ni oníṣòwò máa kọ́kọ́ gbé fún yín. Ojú rẹ̀ fẹ̀ jù, ẹ̀lírí á gba inú rẹ̀ kọjá bí ẹni ń gba géètì. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn oníke, oúnjẹ àárọ̀ ni. Ẹ mú bíró rìn yí ilé ọkọ̀ yín ká: ihò yòówù tí bíró bá wọ̀, èkúté kékeré á wọ̀ ọ́. Tèmi, ihò mẹ́tàdínlógún. Búlọ́ọ̀kù afẹ́fẹ́, ibi tí páìpù ẹ̀rọ omi gbà wọlé, igun òrùlé, àti abẹ́ géètì tí mo lè ki ọwọ́ bọ̀. Jórinjórin jó irin pẹlẹbẹ mọ́ abẹ́ géètì, ó fi nẹ́ẹ̀tì bo ìyókù, a fi sìmẹ́ǹtì dí èyí tó kéré. Ọjọ́ kan ló fi ṣe é. Gbogbo owó rẹ̀ kò tó èyí tí búlówà yẹn jẹ.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkankan, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, ń gba inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan wọlé sára. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ wọ́n omi tí ẹ po bílíìṣì sí lé e lórí, ẹ jẹ́ kó rin dáadáa, kí ẹ tó nù ún. Fífọ̀ yẹn tún máa ń pa òórùn ìtọ̀ tí eku tuntun ń tọ̀ wá.

Ìdájọ́, láìgbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni

Bí ilé ọkọ̀ yín bá ní òrùlé àti géètì: nẹ́ẹ̀tì, kí pàkúté méjì máa ṣọ́nà nínú. Bí ìta ni ọkọ̀ ń sùn: pàkúté mẹ́rin, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lálẹ́ bí ọgbà yín bá ní ààbò, torí ibi tó ṣókùnkùn ni eku ń fẹ́, kí ẹ sì máa tan ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ó kéré tán. Gọ́ọ̀mù, kíṣíìnì. Oògùn náà wúlò o, mi ò ní kò wúlò: ẹ̀yìn ọgbà, nínú àpótí tí a tì pa, níbi tó jìnnà sí ọkọ̀, sí ọmọ àti sí ológbò. Bí ẹ bá rí irú ibẹ̀ nínú ọgbà yín ní Ìkòròdú, ẹ kí i fún mi.

Oníbárò yẹn tún kọjá lọ́sẹ̀ tó lọ. Mo ní kó dúró. Ó ti na ọwọ́ sí ọ̀rá oògùn kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Pàkúté méjì ni mo rà. Bíró mi wà lọ́wọ́. Èkejì nínú wọn kò fò, mo sì dá a padà fún un.