Ẹ ṣọ́ra fún oní-fìrísà sólà tó ń ná ọjà káàkiri Òkè-Ògùn

Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn, pàápàá ẹ̀yin ìyá wa tó ń ta ẹja yìnyín àti ohun mímu tútù, ọkùnrin kan wà tó ń fi ọkọ̀ gbé fìrísà sólà láti ọjà dé ọjà, láti Ìsẹ́yìn títí dé Ṣakí. Owó tó ń pè kò tó ìdajì iye tí wọ́n ń tà á ní Alaba. Mi ò lè sọ orúkọ tó ń jẹ́, torí pé orí rìsíìtì tí àwọn tó rà á kó wá fi hàn mí, orúkọ ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Nọ́ńbà fóònù kan náà ló wà nísàlẹ̀ gbogbo wọn, kò sì lọ mọ́.

Ọgbọ́n tó ń dá rèé. Ọ̀sán gangan ló máa ń dé, tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Fìrísà ti tutù kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, yìnyín ti dì sínú rẹ̀. Á na páànẹ́lì sílẹ̀, á so wáyà, iná á tàn, á ní kí ẹ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ kí ẹ fi dán an wò. Ta ni kò ní gbà? Á gba owó, á sì ti bá tirẹ̀ lọ kí oòrùn tó wọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹja ti ń rùn.

Fìrísà yẹn fúnra rẹ̀ kò burú o. Ara páànẹ́lì àti bátìrì ni jìbìtì wà.

Ó lẹ 400 wáàtì mọ́ páànẹ́lì tí kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ẹ mú tépù dání. Páànẹ́lì tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó, kò lè mú ju bíi 200 sí 230 wáàtì wá, bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ojúlówó 400 wáàtì máa ń ga tó àgbàlagbà, á tún fẹ̀ ju mítà kan lọ. Èyí tó ń gbé kiri ga ní mítà kan, ó fẹ̀ ní nǹkan bíi 67 sẹ̀ǹtímítà. Kò lè kọjá bíi 150 wáàtì láéláé.

Ní ti bátìrì, 200Ah, ìyẹn ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́, ló kọ sí i lára. Bátìrì ásíìdì 12 fóòtì tó bá jẹ́ 200Ah lóòótọ́ máa ń wúwo tó àpò símẹ́ńtì kan, ó sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé ìwúwo nìkan. Rípíà kan tú ọ̀kan lára rẹ̀ lójú wa, símẹ́ńtì gan-an ló bá nínú rẹ̀, pẹ̀lú bátìrì kékeré bíi ti ọ̀kadà! Ẹ̀rù ọkùnrin yìí bà mí.

Òru ló máa tú u fó. 12 fóòtì lọ́nà 200Ah jẹ́ 2,400 wáàtì-wákàtí, ìyẹn gbogbo iná tó wà nínú bátìrì tó bá kún. Fìrísà tó ń jẹ 60 wáàtì, ká tilẹ̀ ní kò sinmi rárá láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé mẹ́fà àárọ̀, 720 péré ló máa jẹ nínú rẹ̀. Bátìrì tòótọ́ kò ní tíì lo ìdajì agbára rẹ̀ tí ilẹ̀ á fi mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ẹ yọ páànẹ́lì nírọ̀lẹ́, kí ẹ kó píọ̀wọ́tà tí kò tutù sínú fìrísà, kí ẹ sì jí wò ó. Kò gbọdọ̀ kú lóru. Ẹ di owó mú títí di àárọ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró sùn ní ìlú yín mọ́jú, kó gbé ọjà rẹ̀.

Ó tún ń sọ fún àwọn oníkẹ́mísìtì pé òun ní irú èyí tí kò nílò bátìrì, bíi ti ilé ìwòsàn. Irú rẹ̀ wà lóòótọ́ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára: ògiri rẹ̀ nípọn, yìnyín inú rẹ̀ ló ń pa òtútù mọ́ lóru, àjọ WHO sì ní àkọsílẹ̀ àwọn tó ti yẹ̀ wò. Ti ọkùnrin yìí kò sí lára wọn. Fíríìjì ilé lásán ni. Ẹ wo àkọlé ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ó rí 220-240V níbẹ̀, ìyẹn iná ilé, ínfátà kékeré ló sì fi pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Tí kọ̀npírẹ́sọ̀ bá fẹ́ gbéra, ínfátà á kú.

Ẹ má fọkàn sí wáràǹtì ọdún méjì tó ń kọ. Oníbàárà kan rí i mú, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà ní oníbàárà yẹn ti so tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, pé wáràǹtì ti bàjẹ́.

Ẹ̀yin tó ti rà á, ẹ má ju bátìrì náà nù, ẹ má sì tà á fún àwọn tó ń ra irin. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì, kí ẹ kó ẹjọ́ yín lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àti FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 gbé ààbò oníbàárà lé lọ́wọ́. Bí a bá pọ̀ tí a jọ lọ, wọ́n á tètè gbọ́. Wọ́n ní ọ̀nà Kìṣí ló gbà báyìí, nínú bọ́ọ̀sì funfun tí wọ́n ya oòrùn sí lára.