Ìkìlọ̀: Ẹni Tó Bá Ní Fóònù Tòun Lòun Yóò Fi Dán FM Transmitter Wò fún Yín, Ẹ Má Sanwó fún Un

Ẹ̀yin tí ẹ ń ra nǹkan ọkọ̀ ní Ìkẹjà, ó tó ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti ń rò ó bóyá kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí tàbí kí n gbé ìtìjú mi mì. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, Èkó ni mo sì ti ń nájà láti kékeré, síbẹ̀ ọmọkùnrin kan tí n kò rò pé ó ju ẹni ọdún méjìlélógún lọ lù mí ní jìbìtì ₦9,000 ní ọ̀sán gangan, lójú ìyá ìyàwó mi.

Corolla tókúnbọ̀ ti ọdún 2005 tó ti Amẹ́ríkà wá ni mo ń wà. Kò ní Bluetooth, kò ní ihò tí a lè ki wáyà fóònù bọ̀, ẹnu rédíò rẹ̀ sì ti gbé síídì kan mì láti ọdún tó kọjá, kò tíì pọ̀ ọ́ jáde títí di òní. FM transmitter, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní modulator, ló rọrùn jù fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: ẹ ó kì í bọ ihò tí wọ́n fi ń tan sìgá, yóò gba orin láti inú fóònù yín, yóò sì máa fọ́n ọn sáfẹ́fẹ́ bí ilé iṣẹ́ rédíò kékeré, kí rédíò ọkọ̀ tó wà lórí nọ́ńbà kan náà lè gbé e. Mo mọ gbogbo èyí kí n tó kúrò nílé. N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún mi pé àìmọ̀kan ló kó bá mi.

Ọjọ́ Sátidé ni. Màmá ìyàwó mi jókòó síwájú, mo ń gbé wọn lọ sí òde ìnáwó kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sì ti ṣèlérí pé orin jùjú tí wọ́n fẹ́ràn láti ìgbà ọmọge wọn ni a ó máa gbọ́ débẹ̀. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpópónà kan nítòsí Computer Village, níbi tí ọmọkùnrin náà to ọjà sí lórí tábìlì lábẹ́ agbòjò pupa. ₦15,000 ló pè é, mo ná an, ó sì gbà láti gba ₦9,000 láìjanpata. (Ó yẹ kí ara ti fu mí níbẹ̀.) Ó ní: “Dádì, ẹ má jáde nínú ọkọ̀ o, oòrùn yìí ti pọ̀ jù.” Ó na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó ki nǹkan náà bọ ihò, iná búlúù tàn, 87.9 sì hàn lójú rẹ̀. Mo yí rédíò sí 87.9. Bí mo ṣe mú fóònù mi jáde, ó ní: “Dádì, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, ó ti mọ fóònù tèmi tẹ́lẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi dán an wò fún yín.”

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Ibẹ̀ ni ó ti pa mí jẹ.

Orin bẹ̀rẹ̀. Ó dún kedere, ìlẹ̀kùn ọkọ̀ ń gbọ̀n, màmá sì ń mi orí. Mo fi owó ránṣẹ́ sínú àkáǹtì kan tó jẹ́ pé orúkọ obìnrin ló wà lórí rẹ̀, n kò béèrè ẹni tí obìnrin náà jẹ́, mo sì ṣí ọkọ̀. A kò tíì kọjá ilé mẹ́rin tí orin náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha, tó ń já, tó sì di ṣììì.

Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi ọlọ́gbọ́n ṣe? Àwọn òpó rédíò ìjọba tó wà ní Àgídíǹgbì ni mo dá lẹ́bi. Mo ṣàlàyé fún màmá pé Radio Lagos àti Eko FM kò jìnnà sí wa, pé agbára tiwọn ló ń bo tiwa mọ́lẹ̀, àti pé bí a bá ti kọjá Maryland, orin yóò dún. A kọjá Maryland. A kọjá Gbàgádà. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland Bridge, mo ń fi ọwọ́ kan wakọ̀, mo ń fi èkejì yí nọ́ńbà: Wazobia ń pariwo ní 95.1, Bond FM ń sọ tirẹ̀ ní 92.9, Faaji ń kọrin ní 106.5, gbogbo ayé ń dún àfi èyí tí mo fowó mi rà. Màmá wò mí títí, wọ́n ní: “Bàbá Tóbi, ṣé orin náà ń bọ̀ lẹ́yìn ni?” N kò rí èsì fọ̀. Wọn kò mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ.

Nígbà tí mo padà lọ lọ́jọ́ Ajé, kò sí agbòjò, kò sí tábìlì. Ọkùnrin kan tó ń ta ṣájà níbẹ̀ ní òun kò mọ ẹni tí mò ń wí, ṣùgbọ́n ó ní eríàlì ni modulator mi kò ní, òun yóò sì so ó mọ́ ọn ní ₦3,000. Mo san án. Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún san án! Wáyà pupa kan tí kò gùn ju ìka mi lọ ló lẹ̀ mọ́ ọn lára, ó sì ti já kí n tó délé. Bí kò bá mọ ọmọ náà lóòótọ́, báwo ló ṣe mọ̀ pé ₦9,000 ni mo rà á kí n tó lanu?

Rewire tó ń bá mi tún iná ọkọ̀ ṣe ní Mushin ló tú u. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju ṣájà fóònù lásán àti gíláàsì tí ń fi nọ́ńbà hàn. Kò sí ohun tó lè gba Bluetooth, áńbọ̀sìbọ́sí èyí tó lè fọ́n orin. Ó ki modulator tirẹ̀ bọ inú ọkọ̀ mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, ó gbé e sí 87.9, ó sì ní kí n tan rédíò mi. Orin gba inú ọkọ̀ mi kan, òkú nǹkan tèmi sì ń tan iná búlúù bí ẹni pé òun ló ń kọ ọ́. Ìyẹn ni pé modulator gidi kan wà lábẹ́ tábìlì ọmọ yẹn lórí bátìrì, òun ni fóònù rẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀. Agbára irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í ju ìwọ̀n mítà díẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí orin fi dá mi dá ọ̀nà ní ilé kẹrin. Rewire rẹ́rìn-ín títí ó fi di bọ́nẹ́ẹ̀tì mú. Èmi kò bá a rẹ́rìn-ín.

Àwọn kan yóò sọ pé ojúkòkòrò ni, pé ọjà pọ́ọ́kú ni mò ń wá. Irọ́ ni. Èmi tí mo máa ń yẹ ọjọ́ ara agolo tòmátì wò kí n tó rà á! Ṣùgbọ́n fóònù mi wà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, ẹ̀bi mi sì nìyẹn. Ìyàwó mi kò tíì jẹ́ kí n gbàgbé.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, fóònù tiyín ni kí ẹ fi dán an wò, kí ẹ sì rí orúkọ rẹ̀ nínú Bluetooth yín. Ẹ fà á yọ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́. Bí orin kò bá dákẹ́, ẹ máa lọ. Rédíò ọkọ̀ Amẹ́ríkà sábà máa ń fo 88.2, láti 88.1 bọ́ sí 88.3, ti Jàpáànì àtijọ́ sì máa ń parí sí 90, nítorí náà ẹ wo tiyín kí ẹ tó yan nọ́ńbà. Ẹ gba rìsíìtì. Òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, ìjọba Èkó náà ní LASCOPA, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ṣùgbọ́n kí ni èmi fẹ́ gbé lọ bá wọn, agbòjò?

N kò gba òǹtajà kankan gbọ́ mọ́. Lánàá, mo ní kí ẹni tó ta gílóòbù fún mi tẹ̀ lé mi wálé wá tàn án kí n tó sanwó, ó sì wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Kí ó máa wò mí. Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí agbòjò pupa níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ọmọkùnrin kan sì ní kí ẹ má jáde nínú ọkọ̀ nítorí oòrùn, ẹ jáde, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.