CFAP: owó ìrànwọ́ Kòrónà fáwọn àgbẹ̀ Amẹ́ríkà, bá a ṣe rí i ní ọ́fíìsì káńtì

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún CFAP, owó tí USDA, iléeṣẹ́ tó ń rí sí ọ̀gbìn l'Amẹ́ríkà, san fáwọn àgbẹ̀ lọ́dún 2020. Owó náà tètè wọlé, fọ́ọ̀mù rẹ̀ kò sì le. Ọjọ́ tí wọ́n fi ṣòdiwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ kí n yọ máàkì kan.

Ọ́fíìsì FSA, ẹ̀ka USDA, tó wà ní káńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀) tóko àgbẹ̀ wà ni wọ́n ń kọ̀wé sí nígbà náà. Ìpele méjì ni owó náà, AD-3114 sì ni fọ́ọ̀mù ìpele kìíní. Ẹni tí kò bá FSA ṣe rí tún ní láti fi AD-2047 kọ orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀, SF-3881 fún báńkì, àti CCC-941 tó fi ń jẹ́rìí pé ìpíndọ́gba owó tó wọlé fún un láti 2016 sí 2018 kò ju $900,000 lọ, àfi tí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ bá ti oko wá. CCC-941 yìí ló gba ìṣọ́ra. Bí oko bá jẹ́ ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, kálukú tó ní ìpín níbẹ̀ ló ní láti fọwọ́ sí tirẹ̀. Bí ti ẹnì kan bá ṣẹ́ kù, ìpín tirẹ̀ kì í jáde.

Ọ̀rọ̀ wá dórí màlúù, ibẹ̀ ló ti dunni. Ọmọ màlúù tí kò tó 600 pọ́ùn, tí wọ́n tà láàárín ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, $102 ni wọ́n san lórí ẹyọ kan. Èyí tó ṣì wà lọ́wọ́ àgbẹ̀ láàárín ọjọ́ 16 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, $33 péré. Ẹni tó ta ogójì lọ́jọ́ 14 oṣù kẹrin gba $4,080. Ẹni tó ta ogójì tirẹ̀ lọ́jọ́ 17 gba $1,320, bẹ́ẹ̀ oṣù kẹrin yẹn gan-an làwọn ilé ìpẹran ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Ta ni ọjà bà jẹ́ mọ́ lọ́wọ́ jù? Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni wọ́n kọ́kọ́ san, ìyókù wá tẹ̀ lé e.

Ti àgbàdo dọ́gba díẹ̀. Wọ́n wo ìdajì ohun tí àgbẹ̀ kórè ní 2019, wọ́n wo èyí tó wà nílẹ̀ tí kò tíì dá iye fún lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní 2020, èyí tó kéré ni wọ́n mú. Ẹni tó kórè 10,000 búṣẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ọkà) tí 6,000 ṣì wà nílẹ̀, 5,000 ni wọ́n kà fún un. Ní $0.335 lórí búṣẹ́ẹ̀lì kan, ó di $1,675.

Ìpele kejì, fọ́ọ̀mù AD-3117, sàn jù. Àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú ọjọ́ kan láàárín ọjọ́ 16 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ tí ẹran pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀: $55 lórí màlúù, $23 lórí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹran tí wọ́n fi ń bímọ kò sí nínú kíkà yìí, ó sì rọrùn kéèyàn kó wọn mọ́ ọn. Ẹni tó ní 60 abo àti 55 ọmọ, 55 ló kọ, $3,025. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ ló jàǹfààní rẹ̀ dáadáa, torí ohun tí wọ́n tà ní 2019 ni wọ́n wò: ìdá 10.6 nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tí kò tó $50,000. Ẹni tó ta $20,000 gba $2,120.

Wọn ò béèrè rìsíìtì lọ́jọ́ tí àgbẹ̀ fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n lè padà wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé ọjà ẹran, ìwé ìwọ̀n àgbàdo àti iye ẹran lọ́jọ́ tó mú, ọdún mẹ́ta ló ní láti fi tọ́jú wọn.